Ìṣirò ni àbí Ọrọ̀ Ajé? Àlàyé fún ọmọ tó fẹ́ràn méjèèjì

Bí àkókò àtigba fọ́ọ̀mù Jáǹbù bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ SS3 tó mọ ìṣirò nílùú Ilé-Ifẹ̀ yìí. Ọmọ á ní òun ń gba A nínú ìṣirò, òun sì tún fẹ́ràn Economics (ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé), èwo wá ni kí òun kọ sínú fọ́ọ̀mù? Bàbá á ní ta ló ń gba ẹni tó ka ìṣirò síṣẹ́, àfi kó lọ ṣe tíṣà. Ìyá á ní Economics lọmọ Lágbájá kà tó fi wọ báǹkì. Ẹ̀gbọ́n tó ti wà ní Part Two (ọdún kejì) ní yunifásítì á ní kó má dá wọn lóhùn, Economics tí wọ́n ń wí yẹn, ìṣirò ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Síbẹ̀, ọmọ náà kò tíì gbọ́ ohun tó lè fi yàn.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ìṣirò tó ń gba A nínú rẹ̀ ní girama yàtọ̀ gan-an sí èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ka ìṣirò ní yunifásítì. Economics tó fẹ́ràn náà yóò yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá débẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló rò pé òun ń yàn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí kò rí rí ló ń fọwọ́ sí fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò ná. Ní girama, tíṣà á fún ọmọ ní ìlànà, ọmọ á tẹ̀ lé e, á rí ìdáhùn, ó parí. Ní yunifásítì, pàápàá láti Part Two lọ, ìbéèrè yí padà. Wọn ò béèrè pé mélòó ni mọ́. Wọ́n ń béèrè pé báwo lo ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí láé.

Ẹ mú àwọn nọ́ńbà tí 2 kò lè pín dọ́gba, kí ẹ máa rò wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. 1 àti 3 jẹ́ 4, ìyẹn 2 lọ́nà 2. Ẹ fi 5 kún un, ó di 9, ìyẹn 3 lọ́nà 3. Ẹ fi 7 kún un, ó di 16, ìyẹn 4 lọ́nà 4. Ọmọ girama á ní òun ti rí bó ṣe ń lọ. Olùkọ́ ẹ̀ka ìṣirò á ní kò tíì rí nǹkan kan, torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wò, nọ́ńbà kò sì lópin. Bí ọmọ náà bá ní òun á wò ó nígbà ogójì, ìyẹn náà kò tó. Ní ọdún 1772, Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tọ́ka sí nǹkan kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ girama rí. Mú nọ́ńbà kan, fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, fi nọ́ńbà náà kún un, kí o tún fi 41 kún un. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 0, wàá rí 41. 1 á fún ọ ní 43, 2 á fún ọ ní 47, 3 á fún ọ ní 53. Gbogbo wọn ló jẹ́ nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí láti 0 títí dé 39, kò ní yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó bá dé 40, wàá rí 1,681, ìyẹn 41 lọ́nà 41. Ó ti bà jẹ́. Ẹni tó bá dúró sí 39 á lọ sí sàréè rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Báwo la ṣe wá ń fìdí tàkọ́kọ́, ti àwọn nọ́ńbà tí 2 kò lè pín dọ́gba, múlẹ̀? Ká ní a ti rò iye n pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà tí 2 kò lè pín dọ́gba, tí àpapọ̀ wọn sì jẹ́ n lọ́nà n. Èyí tó kàn lórí ìlà ni 2n + 1. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ n lọ́nà n, ohun tí ẹ ó rí ni (n + 1) lọ́nà (n + 1). Nítorí náà, ibikíbi tó bá ti ṣẹ, ó di dandan kó ṣẹ níbi tó kàn, a sì ti rí i pé ó ṣẹ níbẹ̀rẹ̀. Kò tún sí pé à ń ka á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Irú àlàyé báyìí ni iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ka ìṣirò, nínú real analysis, nínú algebra, nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ṣàìsùn. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá sí àlàyé kékeré yìí, tó ń wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn tún wà tí èèyàn lè gbà ṣe é, ẹ jẹ́ kó lọ ka ìṣirò. Èyí tó ní, "Ṣebí a ti rí ìdáhùn, kí la tún ń wá?" kò ṣe ohun tó burú, orí rẹ̀ sì lè pé dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin yẹn á gùn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ti ọrọ̀ ajé, Iléṣà ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ. Gbogbo wa la mọ àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò tó ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ẹ jẹ́ ká fi owó òde òní wò ó. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ra aṣọ mẹ́wàá ní ₦10,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 lojú owó rẹ̀. Ó fẹ́ tà wọ́n láwìn fún èèyàn mẹ́wàá, ó sì ti mọ̀ látẹ̀yìnwá pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá kò ní san. Èló ni kó tà á? Bó bá pè é ní ₦10,500, ẹni mẹ́sàn-án á san ₦94,500, ojú owó kò pé. Bó bá pè é ní ₦11,200, ẹni mẹ́sàn-án á san ₦100,800, ó jèrè ₦800. Èrè yìí kéré. Ọmọ tó mọ ìṣirò girama á ní kó kúkú pè é ní ₦12,000.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbà láti ra aṣọ náà láwìn ní ₦12,000? Ẹni tó ní i lọ́kàn láti san á rò ó wò, á ní kí òun fara dà á títí owó yóò fi dé ọwọ́ òun, kí òun lọ rà á lọ́jà níye tó dínwó. Ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti san ní tirẹ̀, ₦12,000 ni o, ₦20,000 ni o, kò sí èyí tó kàn án. Bí iye aṣọ ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ làwọn olóòótọ́ ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká ní èyí sọ ẹni tí kò ní san di méjì nínú mẹ́wàá. Ẹni mẹ́jọ á san ₦96,000. Òṣómàáló fowó lé ọjà, ó sì pàdánù ₦4,000.

Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ìwádìí kan lórí irú ohun báyìí nínú ọjà ọkọ̀ àlòkù, níbi tí ẹni tó ń tà ti mọ àbùkù ọkọ̀ tí ẹni tó ń rà kò mọ̀. Ní 1981, Joseph Stiglitz àti Andrew Weiss fi hàn pé ìdí kan náà ló ń mú kí báǹkì sọ fún oníṣòwò pé àwọn kò ní yá a lówó, kódà bí ó bá ní òun ṣe tán láti san èlé tó ju ti ẹlòmíràn lọ. Báǹkì ń bẹ̀rù irú ẹni tí èlé gọbọi kò ní lé sá. Akerlof àti Stiglitz wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2001. Òṣómàáló kò ka ìwé wọn. Ó mọ̀ pé òun kò lè fi owó gọbọi nìkan gba ara òun sílẹ̀, ló fi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá owó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé á tún bi í pé: ọjọ́ tí o fi lóṣòó yẹn ńkọ́, èló lò bá ti pa wọlé ká ní ọjà lo ná lọ́jọ́ náà?

Ibo wá ni ìṣirò wà nínú rẹ̀? Ó pọ̀ níbẹ̀. Tó bá di Part Two tàbí Part Three, wọn ò ní fi ẹnu sọ pé "iye ẹni tí kò san ń pọ̀ sí i" mọ́. Wọ́n á kọ ọ́ ní function (ìlànà tó ń fi hàn bí iye kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn), wọ́n á fi calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà) wá iye tí èrè yóò ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè ẹgbẹ̀rún èèyàn síwájú ọmọ, wọ́n á ní kó sọ bóyá iye ọjà ló jẹ́ kí àwọn kan má san, àbí ọdún tí òjò kò rọ̀ dáadáa ni. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní econometrics, statistics sì ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Ẹ̀gbọ́n Part Two kò parọ́. Àmọ́ ẹ fi onímọ̀ ìṣirò sí ìdí aṣọ kan náà, ohun tí òun yóò béèrè ni pé ṣé ó tilẹ̀ dájú pé iye kan wà tí èrè ti pọ̀ jù, kí ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ kó tó lè wà. Kò ní bìkítà bóyá aṣọ ni, bóyá iyọ̀ ni. Ẹ bi ọmọ yín léèrè èwo nínú ìbéèrè méjì yìí ló ń dùn mọ́ ọn. Ìdáhùn rẹ̀ wúlò ju A tó gbà ní Wáẹ̀kì lọ.

Kì í sì í ṣe ìṣirò ni gbogbo Economics, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ní 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìkórè kò dára ní Ivory Coast àti Gánà, àwọn méjì tó ti ń ṣáájú nínú kíkó kòkó jáde láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbẹ̀ tó wà ní abúlé ìtòsí Ifẹ̀ yára rí i nínú iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, náírà tó ti já wálẹ̀ láti 2023 sì tún fi kún un. Àgbẹ̀ Gánà kò tètè rí i bẹ́ẹ̀, torí pé àjọ ìjọba ló ń dá iye tí wọn yóò fi ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, 1986 ni ìjọba tú u ká. Kí àgbẹ̀ wa lè jẹ ànfààní ọdún 2024 yẹn, òun náà ló ti ń forí fá gbogbo ọdún tí iye kòkó já wálẹ̀ tí kò sí bọ́ọ̀dù tó gbà á lẹ́yìn. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Calculus nìkan kò lè dáhùn ìyẹn. Ọmọ tó fẹ́ ka Economics gbọ́dọ̀ fẹ́ mọ ẹni tó ṣòfin, ìgbà tó ṣe é, ẹni tó jàǹfààní rẹ̀ àti ẹni tó jìyà rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ kó já geere, torí pé àròkọ pọ̀ nínú ìdánwò wọn. Ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ mú ṣáṣá ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ gbọ́ ìròyìn, tí ọ̀rọ̀ ọjà àti ìjọba kò sì kàn, kí ó rò ó dáadáa.

Ohun kan wà tí ìtàn fi hàn nípa àwọn ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí. John Maynard Keynes, tí gbogbo ọmọ Economics ń kà nípa rẹ̀, ìṣirò ló fi gboyè ní Cambridge. Leonid Kantorovich, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ló ran ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe pákó lọ́wọ́ láti mọ bí wọn yóò ṣe pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ wọn. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1939 wà lára ohun tó fún un ní Nobel ọrọ̀ ajé ní 1975. John Nash náà, ìṣirò ni oyè ọ̀mọ̀wé tó gbà ní 1950, Nobel ọrọ̀ ajé ló gbà ní 1994. Ẹni tó ti ìṣirò bọ́ sínú ọrọ̀ ajé pọ̀. Ẹni tó ti ọrọ̀ ajé bọ́ sínú ìṣirò ṣọ̀wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé ìṣirò jẹ́ ohun tí èèyàn ń kọ́ lórí ara wọn: ẹni tí kò kọ́ ti àná kò lè lóye tòní, ó sì ṣòro láti dá nìkan kọ́ ọ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti níṣẹ́ àti ọmọ lọ́wọ́. Ìwé ọrọ̀ ajé púpọ̀ wà tí àgbàlagbà lè jókòó kà kó sì yé e. Kódà, ẹni tó bá ń lérò àtilọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú Economics ní Amẹ́ríkà, lára ohun tí àwọn yunifásítì ibẹ̀ máa ń wò gan-an ni bóyá ó ti ṣe linear algebra, probability àti real analysis, tí gbogbo wọn jẹ́ kọ́ọ̀sì ìṣirò.

Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí nìyí. Ọmọ tó fẹ́ràn méjèèjì ní tòótọ́, tí àlàyé nọ́ńbà òkè yẹn sì dùn mọ́, kó kọ ìṣirò sínú fọ́ọ̀mù, kó máa mú kọ́ọ̀sì Economics mọ́ ọn. Ọmọ tí ìbéèrè Òṣómàáló àti ti kòkó bá dùn mọ́ jù, Economics ni kó kọ, kó má sì sá fún ìṣirò tó bá débẹ̀. Èmi kò ní ti ọmọ tí ẹ̀rí ìṣirò ń sú lọ sí ẹ̀ka ìṣirò nítorí pé Keynes lọ. Ní yunifásítì wa, nínú ìwọ̀n èsì tí wọ́n ń pè ní CGPA, 4.50 nínú 5.00 sókè ni ipò kìn-ín-ní, 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì ti òkè. Ìṣirò tí kò wọ ọmọ lára lè fà á lọ sísàlẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í wo kọ́ọ̀sì tó le kí wọ́n tó wo ipò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí fọ́ọ̀mù. Ní London School of Economics, oyè kan wà tó so ìṣirò àti ọrọ̀ ajé pọ̀, ní Amẹ́ríkà sì rèé, akẹ́kọ̀ọ́ lè mú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tiwa, ẹ̀ka kan ni Jáǹbù ń gba ọmọ sí. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, Faculty of Science ni ìṣirò wà, Economics wà ní Social Sciences. Ibì kan tó máa ń tan àwọn ọmọ jẹ ni Computer Science with Economics. Kọ̀ǹpútà ni olórí ẹ̀kọ́ yẹn. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀ "Economics" tó wà nídìí rẹ̀ ló mú ọmọ yín kọ ọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan nínú Jáǹbù fún gbogbo ènìyàn, ìṣirò sì wà nínú ti ẹ̀ka méjèèjì. Àwọn ẹ̀ka ìṣirò púpọ̀ fẹ́ràn kí Physics wà nínú rẹ̀, nígbà tí Economics jẹ́ ohun tí ẹ̀ka ọrọ̀ ajé ń retí. Kí ọmọ tó yan iṣẹ́ (subject) mẹ́rin tó fẹ́ jókòó fún, ẹ ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà Jáǹbù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka ohun tí yunifásítì tí ẹ ń wò béèrè, torí pé ó lè yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń kọ́ Further Maths, kó má fi ṣeré. Òun ló sún mọ́ ìṣirò yunifásítì jù nínú gbogbo ohun tó wà ní girama.

Àwọn kan ń gbèrò pé káwọn gba ìṣirò nítorí pé ó rọrùn láti rí àyè níbẹ̀ ju Economics lọ, kí àwọn wá sọdá lẹ́yìn Part One. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó gba kí èsì ọmọ dára gan-an, kí àyè sì wà níbi tó ń lọ, ẹ̀ka tó ń lọ ló sì ń pinnu. Ẹni tó wọ ìṣirò pẹ̀lú èrò pé òun kò ní pẹ́ níbẹ̀ kì í sábà kàwé tó èyí tí yóò fi rí àyè sọdá.

Ní ti iṣẹ́, mo gbọ́ ohun tí bàbá yẹn ń sọ, mi ò sì gbà á. Tíṣà ìṣirò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ iyì sì ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò àti ti owó ìfẹ̀yìntì nílò actuary, ẹni tó ń ṣírò ewu àti ẹ̀mí gígùn. Ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lèèyàn ń ṣe, probability ló sì ń kọ́kọ́ bá a jà. Báǹkì àpapọ̀, àjọ tó ń ka iye nǹkan ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NBS, àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí data máa ń gba ọmọ ẹ̀ka méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń wá jù ni ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà, kí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá tí kò mọ ìṣirò. Kí ọmọ kọ́ Excel, kó kọ́ Python tàbí R, àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀ka yòówù kó wà.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ Part Two tàbí Part Three ní ẹ̀ka méjèèjì, kò ṣòro fún ẹni tó ń gbé Ifẹ̀. Ẹ ní kí ti ìṣirò fi ìwé real analysis rẹ̀ han ọmọ yín, kí ti Economics fi ti econometrics rẹ̀ hàn án, kí ó jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ bi wọ́n léèrè kọ́ọ̀sì tí wọ́n lè mú láti ẹ̀ka kejì, torí pé nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé kalẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti gbogbo yunifásítì, ìdá 30 tó kù ló sì wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín Ifẹ̀ àti ibòmíràn lè wà. Bí ọkàn ọmọ bá sì yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti fi orúkọ ránṣẹ́, Jáǹbù ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Ẹ máa san owó rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó máa ń parí. Ẹ tètè ṣe é, kí ẹ sì rí i dájú pé iṣẹ́ mẹ́rin tó jókòó fún ṣì bá kọ́ọ̀sì tuntun náà mu.